Ọkọ̀ Ayọ́kẹ́lẹ́ tí Bàbá Mi Tún Egungun Rẹ̀ Tò

Iṣẹ́ káfíńtà ni bàbá mi ń ṣe ní Adó-Èkìtì ní àwọn ọdún tó ṣáájú ogun àgbáyé ẹlẹ́ẹ̀kejì. Bẹ́ǹṣì ṣọ́ọ̀ṣì, àpótí aṣọ, ìlẹ̀kùn, fèrèsé, pósí: kò sí èyí tí kò lè kàn. Èmi ni àkọ́bí rẹ̀. Mo ti ka ìwé mẹ́fà parí nígbà náà, mo jẹ́ ọmọ ogún ọdún, mo sì ń kọ́ àwọn ọmọ kéékèèké ní ilé ìwé ìjọ wa. Ní ọ̀sán Ọjọ́bọ̀, èmi náà ni mo ń kọ́ àwọn ọmọbìnrin ní iṣẹ́ abẹ́rẹ́. Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ kan ni mo fẹ́ sọ, nítorí pé nínú ọkọ̀ yẹn ni Ọlọ́run ti fi bàbá mi ta mí lọ́rẹ lẹ́ẹ̀kejì, mi ò sì fẹ́ kú láìjẹ́ kí ẹnì kan gbọ́ ọ.

Ẹni tó ni ọkọ̀ náà jẹ́ oníṣòwò, ọmọ Iléṣà, tó ti ń gbé Adó láti ìgbà tí mo wà ní kékeré. Aṣọ ló kọ́kọ́ ń tà, nígbà tó yá ó bẹ̀rẹ̀ sí í ra kòkó. Lẹ́yìn tó ra ọkọ̀, Bàbá Onímọ́tò ni gbogbo àdúgbò ń pè é, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò tíì pé ọmọ ogójì ọdún, tí bàbá mi sì jù ú lọ dáadáa. Ìyá rẹ̀ ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀. Orúnkún ìyá yìí méjèèjì ló ti kọṣẹ́. Láti yàrá dé ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni ìrìn rẹ̀ mọ, bẹ́ẹ̀ obìnrin tó fẹ́ràn ilé Ọlọ́run ni. Nítorí ìyá yìí gan-an ni ọmọ rẹ̀ ṣe ra ọkọ̀.

Ọkọ̀ tí à ń rí ní Adó nígbà náà kò pọ̀. Lọ́rì akẹ́rù ni èyí tó wọ́pọ̀ jù, tó jẹ́ pé pákó ni gbogbo ara rẹ̀. Àwọn òyìnbó ìjọba ní ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́, ṣùgbọ́n aṣọ ni òrùlé tiwọn, wọ́n ń ká a sẹ́yìn bí ẹní, bí òjò bá sì dé, kí wọ́n tó nà án padà, òjò á ti pa wọ́n. Èyí tí oníṣòwò yìí rà lọ́wọ́ òyìnbó kan tó ń padà sí ìlú rẹ̀ yàtọ̀ pátápátá. Ilé ni. Òrùlé rẹ̀ le, ó ní ìlẹ̀kùn mẹ́rin, ó gùn débi pé nígbà tó kọ́kọ́ wọ àdúgbò wa, iwájú rẹ̀ ti dé ẹnu ọ̀nà wa kí ẹ̀yìn rẹ̀ tó kúrò ní ti aládùúgbò. Dúdú ni, àfi etí rẹ̀ tó ń dán. Iná iwájú rẹ̀ méjèèjì tóbi bí awo ìjẹun. Lábẹ́ àwọn ìlẹ̀kùn, níta, pákó gígùn kan wà tí wọ́n fi rọ́bà bò, ibẹ̀ ni èèyàn ń tẹ̀ kó tó wọlé. Gíláàsì wà ní gbogbo fèrèsé. Bí o bá fi ọwọ́ yí irin kékeré kan lára ìlẹ̀kùn, gíláàsì á rọra rì wọ inú ìlẹ̀kùn lọ. Bí o bá yí i padà, á tún yọ.

Inú rẹ̀ ló yà mí lẹ́nu jù. Àga ẹ̀yìn gba èèyàn mẹ́ta láìfún ara wọn, èèyàn sì lè na ẹsẹ̀ débi tó wù ú. Ìgbápálé kan wà ní àárín àga náà tí wọ́n lè fà jáde bí ó bá jẹ́ pé èèyàn méjì péré ló jókòó, kí oníkálukú fi ìgbọ̀nwọ́ lé e. Okùn oníṣẹ́ ọnà rọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan fún ẹni tó bá fẹ́ di nǹkan mú. Aṣọ kékeré wà ní ojú gíláàsì ẹ̀yìn, wọ́n á fà á sílẹ̀ bí oòrùn bá mú. Àpò awọ wà lẹ́yìn àga iwájú, iná kékeré kan sì wà lókè tó dà bí ẹni pé àjà náà ń wo èèyàn.

Ṣùgbọ́n ọkọ̀ náà ń ṣàìsàn. Abẹ́ igi ni òyìnbó tó ni ín tẹ́lẹ̀ ń gbé e sí, òjò méjì tàbí mẹ́ta sì ti pa á níbẹ̀. Ìlẹ̀kùn ẹ̀yìn lọ́wọ́ òsì ti wọ́, wọ́n ní láti gbé e sókè kí ó tó pa dé. Bí ọkọ̀ bá ń lọ, ṣe ni gbogbo ara rẹ̀ ń ké bí àgbọ̀n ìgò. Awọ àga ti ya, ohun tí wọ́n kì sínú rẹ̀ sì ń yọ jáde. Ìyá àgbà gùn ún lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó ní kí wọ́n dá òun padà sílé.

Oníṣòwò náà wá bá bàbá mi ní ìsọ̀. Ó sọ fún un pé àwọn alágbẹ̀dẹ ti wo ọkọ̀ náà, wọ́n ní kì í ṣe irin ló ń dùn ún, igi ni. Bàbá mi rò pé ó ń ṣe àwàdà ni. Kò gbà pé igi wà nínú ọkọ̀ òyìnbó. Àmọ́ ó tẹ̀lé e lọ, ó tú irin tó wà ní inú ìlẹ̀kùn náà, ó sì yọjú wò ó. Mo wà níbẹ̀, torí mo gbé oúnjẹ lọ fún un. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín.

“Àpótí ni wọ́n kàn,” ni ó wí. “Wọ́n kàn fi páànù bò ó ni.”

Òtítọ́ ni. Igi ni egungun ọkọ̀ náà láti orí dé ìdí: òpó, ìtí àjà, férémù ìlẹ̀kùn, gbogbo rẹ̀. Igi ilẹ̀ òyìnbó kan tó funfun ni, ó fúyẹ́, wọ́n sì so ó pọ̀ lọ́nà tí bàbá mi fi mi orí. Ibi tí omi ti ń jò wọlé ti rà, o lè fi èékánná họ ọ́. Bàbá mi ní ulé ni, bí àwa ará Èkìtì ṣe máa ń pe ilé, ó ní ulé ni, kì í ṣe ọkọ̀, òun sì mọ bí wọ́n ṣe ń tún ulé ṣe. Inú oníṣòwò náà dùn láti gbọ́ ọ̀rọ̀ náà bẹ́ẹ̀, torí bí àwọn náà ṣe ń pè é ní Iléṣà nìyẹn.

Ó ju oṣù kan lọ tí ọkọ̀ náà fi wà lábẹ́ àtíbàbà ìsọ̀ wa. Bàbá mi kò gé igi kankan ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. Ó kàn ń tú u, ó ń fi ẹfun kọ àmì sára egungun kọ̀ọ̀kan kí ó má baà gbàgbé ibi tí ó ti wá. Igi ìdígbò ni ó fi rọ́pò èyí tó rà, nítorí pé kì í tètè jẹrà, kò sì wúwo jù. Ó fá a, ó wọ̀n ọ́n, ó tún fá a. Kò gbà kí ìṣó kan wọ ibi tí igi lè di igi mú. Níbi tí irin ti ń kan igi, ó fi awọ pẹlẹbẹ sí àárín wọn kí wọ́n má baà máa bá ara wọn jà.

Nígbà tí ó tó àkókò, ó ní kí wọ́n gbé ìyá àgbà wá. Àwọn èèyàn rò pé kó lè wo iṣẹ́ ni, ṣùgbọ́n bàbá mi ló fẹ́ wo ìyá náà. Ó bẹ̀ ẹ́ kó wọ inú ọkọ̀, kó jáde, kó tún wọlé, ó sì ń wo ibi tí ọwọ́ rẹ̀ ń nà sí bó ṣe ń wá ohun tí yóò dì mú. Ibẹ̀ gan-an ni ó kan ọwọ́ igi apá kan sí, ó fi iyanrìn kíkúnná pa á títí tó fi ń jọ̀lọ̀. Ó rí i pé pákó ìtẹ̀sẹ̀ ga jù fún orúnkún rẹ̀, ó sì kan àtẹ̀gùn kékeré kan tí wọ́n lè ká mọ́ abẹ́ rẹ̀. Ó tún rí i pé bí ìyá bá jókòó, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò ṣe é ká púpọ̀, ó fẹ́ nà án síwájú. Ó wá tú àga iwájú, èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ awakọ̀, ó sì tún un dè lọ́nà tó jẹ́ pé bí èèyàn bá yọ ìdè méjì, àga náà á jáde wẹ́rẹ́. Àyè tó ṣí sílẹ̀ níbẹ̀ tó kí èèyàn na ẹsẹ̀ méjèèjì tán.

Èmi ni wọ́n fún ní iṣẹ́ àga. Mo tú awọ tó ti ya náà ní oríkèé-oríkèé, mo fi ṣe àwòṣe, mo gé tuntun lára awọ ewúrẹ́ pupa tí àwọn Hausa ń tà. Abẹ́rẹ́ tí mo fi rán an nípọn bí ẹyọ ìgbálẹ̀, ó sì gún mi lọ́wọ́ débi pé mi ò lè mú ṣọ́ọ̀kì dáadáa ní kíláàsì. Sípíríǹgì tó wà nísàlẹ̀ àga ṣì dára. Ìyá mi àti èmi fi òwú àràbà kún orí rẹ̀. Ọjọ́ mẹ́rin ni ìyá mi fi ṣa hóró kúrò nínú òwú yẹn, tó ń sín, tó sì ń bú bàbá mi pé òun kò fẹ́ onímọ́tò, káfíńtà ni òun fẹ́.

Ọjọ́ tí a parí rẹ̀, awakọ̀ wà á yípo àdúgbò. Bàbá mi kò wọ inú rẹ̀. Ó ń rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó gbé etí sí i. Nígbà tí ọkọ̀ dúró, ó ní kí wọ́n ṣí ìlẹ̀kùn òsì náà kí wọ́n sì pa á dé. Ìlẹ̀kùn náà dún lẹ́ẹ̀kan, dùùn, bí ìlẹ̀kùn àpótí tó bá ara rẹ̀ mu. Ó yí padà, ó lọ jẹun. Láti Ọjọ́ Ìsinmi tó tẹ̀lé e, ìyá àgbà kò pa ṣọ́ọ̀ṣì jẹ mọ́.

Ó tó bí oṣù méje lẹ́yìn èyí kí ohun tí mo fẹ́ sọ tó ṣẹlẹ̀. Ìyìn ni ìlú bàbá mi gan-an. Àwọn aláyùn kan tó ń la pákó gé ìrókò ńlá nínú oko níbẹ̀, ó sì lọ wò ó láti ọjọ́ Ẹtì kí wọ́n tó là á. Ní òwúrọ̀ Sátidé, bí wọ́n ti ń yí gẹdú náà sórí kòtò tí wọ́n ti ń là á, igi tí wọ́n fi há a kí ó má baà yí yọ̀. Àwọn tó wà níwájú fò kúrò. Bàbá mi kò rí àyè fò. Gẹdú náà kọjá lórí ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀, lábẹ́ orúnkún.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló gun kẹ̀kẹ́ wá sí Adó láti wá sọ fún wa. Ó ti rẹ̀ ẹ́ débi pé ó kọ́kọ́ mu omi kó tó lè sọ̀rọ̀. Ó ní àwọn ti gbé bàbá mi dé ilé oníṣègùn eegun, àgbàlagbà kan tí gbogbo Ìyìn gbẹ́kẹ̀ lé. Oníṣègùn náà ti wẹ ojú ọgbẹ́, ó ti fi igi pẹlẹbẹ mẹ́rin dè é, ṣùgbọ́n ó ti sọ fún wọn láìfi bò pé eegun ti yọ síta, pé òun kò ní fi ẹ̀mí ẹni kọ́ṣẹ́, kí wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ní Iléṣà lọ́jọ́ náà gan-an. Ó sì kìlọ̀ pé ẹsẹ̀ náà kò gbọ́dọ̀ mì. Mo ṣì ń bu ọlá fún ọkùnrin yẹn dòní.

Lọ́rì kan ṣoṣo ló ń lọ sí Iléṣà lọ́jọ́ yẹn, mo sì mọ bí lọ́rì ṣe ń gbé èèyàn. Mi ò dúró wọ bàtà. Mo sáré lọ sí ilé oníṣòwò náà. Mo bá ọkọ̀ lójúde, wọ́n ti nù ún tán. Ìyá àgbà ti wà nínú rẹ̀, ó wọ aṣọ òfì, ó gbé ẹ̀bùn lé ẹsẹ̀. Ìkẹ́rẹ́ ni wọ́n ń lọ, ibẹ̀ ni wọ́n ti fẹ́ sọ ọmọ-ọmọ-ọmọ rẹ̀ lórúkọ, ọmọ ìran kẹrin àkọ́kọ́ tí ojú rẹ̀ máa rí. Nígbà tí mo rí i bẹ́ẹ̀, mo kúnlẹ̀ sínú eruku. Oníṣòwò náà ló gbé mi dìde, ó bi mí léèrè ohun tó dé, mo sì sọ ọ́ fún un.

Ó wo ìyá rẹ̀. Kò tíì sọ nǹkan kan tí ìyá náà ti nawọ́ di ọwọ́ igi apá yẹn mú, tó ń fa ara rẹ̀ jáde.

“Ọmọ tuntun ò ní ṣàìdàgbà torí pé n ò débẹ̀ lónìí,” ni ìyá àgbà wí. “Ẹ yọ àga iwájú yẹn kúrò.”

Oníṣòwò náà fúnra rẹ̀ ló yọ ìdè méjèèjì. Ó gbé àga náà wọlé, ó sì kọ ìwé kékeré kan sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ní Iléṣà pé kó gbà wá sílé. Kò bá wa lọ, torí kò sí àyè fún un mọ́. Ó sọ fún awakọ̀ pé kó má sáré, kó sì má dúró.

A gbé ìyá mi nílé. A dé Ìyìn, a gbé bàbá mi jáde lórí ìlẹ̀kùn kan tí wọ́n yọ lára ilé. Ojú rẹ̀ ti di eérú. A tẹ́ ẹ sórí àga ẹ̀yìn, a ti pákó kan láti ibi ìjókòó rẹ̀ síwájú, sí àyè tí àga ti kúrò, a sì na ẹsẹ̀ rẹ̀ lé e lórí tìmùtìmù. Ìyá mi jókòó sí ẹ̀yìn, ó gbá orí àti èjìká rẹ̀ mọ́ àyà. Èmi lóṣòó sílẹ̀ níwájú, lẹ́gbẹ̀ẹ́ awakọ̀, mo fi ọwọ́ méjèèjì di ẹsẹ̀ náà mú kí ó má baà yí. Bẹ́ẹ̀ ni a ṣe kúrò.

Títí a fi kọjá Ìgèdè, bàbá mi pa ojú dé. Ọ̀nà náà ti gbó, kòtò pọ̀ lójú rẹ̀, ṣùgbọ́n ṣe ni ọkọ̀ ń rì tó sì ń dìde, bí ẹni tí wọ́n pọ̀n. Mo ń rí kòtò lójú ọ̀nà, mà á di ara mi, mà á di ẹsẹ̀ náà mú, kòtò á sì ti kọjá kí n tó mọ̀. Mo ń gbọ́ ẹ́ńjìnnì, mo ń gbọ́ òkúta lábẹ́ táyà. Yàtọ̀ sí ìyẹn, mi ò gbọ́ nǹkan mìíràn. Nígbà náà ni bàbá mi la ojú.

Ó pè mí, ó ní, “Ìlẹ̀kùn òsì yẹn, ṣé ó ń dún?”

Mo ní kò dún.

“Gbé ọwọ́ lé e.”

Mo yọ ọwọ́ kan, mo nà án sẹ́yìn, mo gbé e lé ìlẹ̀kùn náà. “Kò mì, Bàbá.”

Ó mi orí, ó tún pa ojú dé. Inú bí ìyá mi. Ó ti ń sunkún láti Ìyìn, ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í bá a wí pé ẹni tí eegun rẹ̀ wà níta, ọ̀rọ̀ ìlẹ̀kùn ló ń sọ. Ó bá a wí títí, ẹ̀rín sì gbà á mọ́ ẹkún. Mo rí i pé bàbá mi náà rẹ́rìn-ín díẹ̀. Láti ibẹ̀ lọ, ó ń bi mí léèrè lóòrèkóòrè: òpó àárín ńkọ́, àjà ńkọ́, àga yẹn kò tíì tẹ́ jù? Mo ń dá a lóhùn. Ó pẹ́ kí ó tó yé mi pé ọ̀nà tí ó fi ń gbé ara rẹ̀ kúrò nínú ìrora nìyẹn.

Nígbà tí a kọjá Àràmọ́kọ, òjò dé. Ìyá mi yí gíláàsì sókè ní apá kan, mo yí tèmi. Òjò náà ń lu òrùlé bí ìgbà tí wọ́n ń da àgbàdo sílẹ̀, síbẹ̀ a gbẹ nínú ilé wa. Ọ̀pá kékeré kan ń nu gíláàsì iwájú lọ, ó ń nù ún bọ̀. Lórí òkè kan lágbègbè Ẹ̀fọ̀n, a bá lọ́rì náà, ó ti rì sínú ẹrẹ̀, àwọn èrò rẹ̀ dúró lẹ́bàá ọ̀nà, wọ́n tutù rinrin. Bí a kò bá rí ọkọ̀ gbà, àárín wọn ni bàbá mi ì bá wà. Àánú wọn ṣe mí, mo dúpẹ́, ojú sì tì mí pé mò ń dúpẹ́ nígbà tí àwọn ẹlòmíràn dúró sínú òjò. Gbogbo rẹ̀ pọ̀ mọ́ra wọn nínú mi.

Mi ò fẹ́ kí ẹ rò pé kò sí àléébù kan. Omi ń jò láti etí gíláàsì ìyá mi, ó ń kán sí etí bàbá mi ní tó-tó-tó. Ìyá mi tú gèlè rẹ̀, ó fi dí i. Bàbá mi ní rọ́bà ibẹ̀ ló gbó, pé òun kò wò ó dáadáa, ojú iṣẹ́ òun ni. Ó sọ ọ́ bí ẹni tó ń tọrọ àforíjì lọ́wọ́ wa. Nígbà tí a sì gun òkè náà tán, ẹ́ńjìnnì ti gbóná, ó ń tú èéfín. Awakọ̀ fi fìlà bàbá mi bu omi odò kan fún un títí ara rẹ̀ fi balẹ̀. Ọkùnrin yẹn kò jẹ, kò mu láti Adó dé Iléṣà.

Ó ku díẹ̀ kí oòrùn wọ̀ nígbà tí a dé. Wọ́n gbé bàbá mi wọlé. Dókítà òyìnbó kan àti àwọn nọ́ọ̀sì ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀, a kò sì rí i títí di ọjọ́ kejì. Ní òwúrọ̀, nọ́ọ̀sì kan tó jẹ́ ọmọ Ìjẹ̀ṣà túmọ̀ ọ̀rọ̀ dókítà fún wa. Ó ní wọ́n rò pé wọn yóò gé ẹsẹ̀ náà, ṣùgbọ́n ojú ọgbẹ́ mọ́, ẹni tó dè é mọ iṣẹ́ rẹ̀, eegun náà kò sì tún fọ́ sí i lójú ọ̀nà. Ó bi wá pé kí ni a fi gbé e wá. Ìyá mi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ mọ́kànlá ni bàbá mi lò níbẹ̀. Ẹ̀gbọ́n oníṣòwò náà gbà wá bí ọmọ ìyá, ilé rẹ̀ ni ìyá mi ń gbé ní gbogbo àkókò yẹn, kò sì sí ọjọ́ tí kò sí oúnjẹ gbígbóná tí ó ń gbé lọ fún bàbá mi. Èmi padà sí Adó lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan nítorí iṣẹ́ ilé ìwé. Lọ́rì ni mo wọ̀. Pákó tí mo jókòó lé gbá mi láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, orí mi sì lu àjà nígbà méjì. Bí ó ti ń gbá mi, ẹsẹ̀ bàbá mi ni mo ń rò. Ọjọ́ yẹn ni mo tó mọ ohun tí wọ́n ṣe fún wa dénú.

Ọkọ̀ kan náà ló lọ mú un wálé. Ẹsẹ̀ náà ti jiná, ṣùgbọ́n ó ti kúrú ju èkejì lọ, kò sì ṣe é ká dáadáa. Ọ̀pá ìtilẹ̀ tí wọ́n fún un ní ilé ìwòsàn kò tẹ́ ẹ lọ́rùn, ó kan òmíràn fún ara rẹ̀ láàárín ọjọ́ méjì. Ní ọjọ́ kẹta, gbogbo wa lọ dúpẹ́. Bàbá mi ju ọ̀pá sílẹ̀, ó fẹ́ dọ̀bálẹ̀ pẹ̀lú ẹsẹ̀ yẹn níwájú ẹni tó jẹ́ ọmọdé sí i. Oníṣòwò náà fò dìde, ó dì í mú lápá méjèèjì.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀,” ni ó wí. “Bí ẹ kò bá ti ọwọ́ bọ ọkọ̀ yẹn, kí ni mo ní tí mo lè fi gbé yín?”

Àwọn méjèèjì dúró bẹ́ẹ̀, wọ́n di ara wọn mú. Ìyá àgbà ló gbà wọ́n sílẹ̀. Ó ní ebi ń pa òun, òun ti ń dúró de bàbá mi láti òwúrọ̀, kí wọ́n wá jókòó ká jẹ iyán. A jẹun pọ̀. Ìyá àgbà sọ fún wa pé ọmọ Ìkẹ́rẹ́ náà ti rẹ́rìn-ín sí òun, pé wọ́n gbé e wá kí òun, kò sì sí ohun tí òun pàdánù. Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e, bàbá mi ní kí wọ́n gbé ọkọ̀ náà wá sí ìsọ̀. Ó jókòó sórí àpótí, ó pààrọ̀ gbogbo rọ́bà fèrèsé rẹ̀.

Kò lè gun àkàbà mọ́, kò sì lè kan òrùlé. Àga ló wá gbájú mọ́. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kan àga tí ẹ̀yìn rẹ̀ dagun díẹ̀, tí ibi ìjókòó rẹ̀ sì rẹlẹ̀ lẹ́yìn, nítorí ó ní nígbà tí òun wà nínú ọkọ̀ lọ́jọ́ yẹn, gbogbo ara ló ń dun òun àfi ẹ̀yìn, òun sì ti rí ìdí rẹ̀. Àwọn àgbàlagbà fẹ́ràn àga náà. Ẹ ṣì lè rí ọ̀kan tàbí méjì nínú àwọn ilé àtijọ́ ní Adó, bí ẹ bá mọ ibi tí ẹ ó wò.

Ọdún méjì lẹ́yìn náà, mo fẹ́ ṣe ìgbéyàwó. Oníṣòwò náà wá sọ fún bàbá mi pé ọkọ̀ ti wà nílẹ̀, wọ́n á fi òdòdó sí i lára, òun ni yóò gbé ìyàwó àti bàbá ìyàwó dé ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì. Inú mi dùn. Ta ni ọmọbìnrin ní Adó nígbà yẹn tí kò ní fẹ́ irú rẹ̀? Bàbá mi dúpẹ́ gidigidi, ó ní kó jókòó.

“Nítorí kí n lè rìn ni ẹ ṣe gbé mi lọ sí Iléṣà,” ni ó wí. “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n rìn.”

Láti ilé wa sí ṣọ́ọ̀ṣì kò jìnnà, ọmọ ilé ìwé á sáré débẹ̀ kó tó ka ọgọ́rùn-ún mẹ́ta. Ó gba àwa tó wákàtí kan. Bàbá mi ti ọ̀pá lọ́wọ́ ọ̀tún, ó di ọwọ́ mi mú lọ́wọ́ òsì. Aṣọ funfun mi ń wọ́ erùpẹ̀, mi ò bìkítà. Àwọn èèyàn jáde síta láti wò wá, wọ́n ń kí wa, ó sì ń dúró dá olúkúlùkù lóhùn, tó fi jẹ́ pé a tún pẹ́ sí i. Ọkọ̀ náà ń bọ̀ lẹ́yìn wa ní jẹ́jẹ́, ìyá àgbà nìkan ló wà nínú rẹ̀, ó ti yí gíláàsì sílẹ̀ kí ó lè máa gbọ́ ohun tí à ń sọ. Nínú ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n ti kọ orin méjì tán, wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kẹta. Òógùn bo ojú bàbá mi nígbà tí a dé àtẹ̀gùn. Ó dúró, ó nù ún, ó tún fìlà rẹ̀ ṣe kí ó tó ṣí i, ó ní ṣé mo ti ṣe tán. Mo ní mo ti ṣe tán. A wọlé.